Ààwẹ̀ Tí Wọ́n Gbà Fún Ọmọ Mi

"Màmá, oògùn yìí àti òùngbẹ kì í gbé inú ara kan náà. Bí ọmọ yìí bá tún wà láì mu omi, oògùn tí ó ń tọ́jú rẹ̀ náà ni yóò di májèlé sí i lára. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ẹ má tún gbé e wá báyìí mọ́, torí mi ò lè ṣèlérí pé a óò rí i dá padà."

Bí dókítà ọmọ mi ṣe kìlọ̀ fún mi nìyẹn, nínú yàrá rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ní Àkúrẹ́. Ojú mi ni ó ń wò bí ó ti ń sọ ọ́, bí ẹni pé èmi ni mo ní kí ọmọ má mumi. Ẹni tí ó ní kí ó má mumi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di báàgì mọ́ àyà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Ìyàwó kan kì í nàka sí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ níwájú dókítà. Mo ní, "Mo gbọ́, sà." Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi náà ní, "A ti gbọ́, dókítà. A dúpẹ́."

Nígbà tí a dìde, dókítà tún ní, "Ẹ bá mi sọ fún àwọn ẹlòmíràn o. Bí àsìkò ààwẹ̀ bá ti dé báyìí, kì í ṣe ọmọ tiyín nìkan."

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Aránṣọ ni mí, nítòsí Ọjà Ọba. Ìwé girama ni mo kà mọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ti kọ́ mi pé bí ènìyàn bá ṣi ìwọ̀n mú, aṣọ náà kò ní bá ara mu, bó ti wù kí ó fi ìfẹ́ rán an tó.

Baipólà ni wọ́n ń pe àìsàn ọmọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, obìnrin, ó wà ní SS 2. Bí àìsàn náà bá gbé e lọ sókè, kò ní sùn, kò sì ní rẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ yóò máa tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹ̀rọ omi tí wọ́n gbàgbé láti tì. Ó ti fọ gbogbo aṣọ ilé rí láàárọ̀ ọjọ́ kan, títí kan léèsì oníbàárà tí mi ò tíì rán tán. Bí ó bá sì gbé e wálẹ̀, kò ní lè dìde wẹ̀. Yóò kọjú sí ògiri, yóò máa bẹ̀ mí pé kí n má bínú pé bí òun ṣe rí nìyí. Èyí tí ó ń wálẹ̀ yìí ni ó máa ń bà mí lẹ́rù jù.

Oògùn tí wọ́n ń fún un ni lítíọ́mù. Láàárọ̀ ni, àti lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ. Wọ́n máa ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá oògùn náà ti pọ̀ jù tàbí ó kéré jù nínú ara rẹ̀, nítorí ààlà méjèèjì kò jìnnà síra. Láti ìgbà tí ó ti ń lò ó dáadáa ni ó ti padà di ọmọ tí mo mọ̀: ọ̀lẹ níbi abọ́ fífọ̀, aláwàdà, ẹni tí ó ń kọrin ohùn òkè nínú ẹgbẹ́ akọrin àwọn ọ̀dọ́. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ ní ayé yìí ni pé kí ó máa wà bẹ́ẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé mi ò wá ìrànlọ́wọ́. Ìrànlọ́wọ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Onílé wa ní kí n tètè wá ọkọ fún un, pé bí ó bá ti bímọ ara rẹ̀ yóò balẹ̀. Ẹnìkan júwe òkè àdúrà kan fún mi lọ́nà Ìta-Ògbólú, ó ní wọ́n máa ń de àwọn tí àìsàn wọn bá le níbẹ̀ mọ́ igi, bí ẹni ń sọ fún mi pé wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì tó dára. Tíṣà kíláàsì rẹ̀ pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Màmá, ẹ bá mi yẹ báàgì rẹ̀ wò. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń mu nǹkan o." Mo ní mo mọ ohun tí ó ń mu, dókítà ló kọ ọ́ fún un. Ó mi orí bí ẹni tí ó ti gbọ́ irú irọ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Obìnrin tí ó ń ta síìpù àti bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ni kò tilẹ̀ sinmi.

"Màdáámù, ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yín yìí, ẹ ti wádìí nílé bàbá rẹ̀?"

"Nílé bàbá rẹ̀ níbo?"

"Ní Oǹdó níbẹ̀. Ọmọ kì í ṣàdédé máa kọrin lójú títì."

"Dókítà ti wádìí."

"Dókítà Àkúrẹ́ ló wá fẹ́ mọ ohun tó wà ní Oǹdó!"

Inú ń bí mi, síbẹ̀ mo rẹ́rìn-ín. Kí ni ènìyàn yóò ṣe?

Ohun tí mo ń wá kò le. Òkìtìpupa ni iṣẹ́ gbé ọkọ mi lọ, ìparí ọ̀sẹ̀ ni ó máa ń wálé. Mo ń wá ẹnìkan tí yóò gba ọmọ yìí lọ́wọ́ mi fún ìgbà díẹ̀, tí yóò fún un lóògùn lásìkò, tí yóò jẹ́ kí ó sùn, tí kò sì ní máa wò ó bí ẹni ń wo ẹyin tó ti sán. Kí èmi náà lè sùn láìfi etí kan sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Oǹdó ni ẹnì kan ṣoṣo tí ó sọ pé, "Mú un wá." Àǹtí ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ni wọ́n fi omi gbígbóná wẹ ọmọ yìí nígbà tí mo bí i, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi, mo gbé e lọ. Mo to oògùn sílẹ̀, mo sì ń ṣàlàyé: oúnjẹ kọ́kọ́, oògùn tẹ̀lé e, omi púpọ̀, kí ó tètè sùn.

Àǹtí ní, "Ìyàwó, kí ló dé tó o fi ń kọ́ mi bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi? Ọmọ tá ni ọmọ yìí?"

"Ọmọ yín ni, Àǹtí."

"Ó dáa. Lọ sùn."

Mo sì lọ sùn. Ní ọjọ́ bíi mélòó kan àkọ́kọ́, bí mo bá pè, ẹ̀rín ni mò ń gbọ́. Ọmọ mi ní òun àti Àǹtí ń bó ẹ̀gúsí, wọ́n ń jiyàn lórí orin. Mo sọ fún ọkọ mi pé Ọlọ́run ti dá wa lóhùn.

Lẹ́yìn náà ni Àǹtí pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ayọ̀ kún ohùn wọn.

"Ìyàwó, bá mi yin Olúwa! Ẹ̀mí ti bà lé e!"

"Ẹ̀mí kẹ̀? Báwo?"

"Láti àárọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mu wáìnì tuntun. Èdè tó ń sọ, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ nínú wa."

Mo ní kí wọ́n gbé fóònù fún un. Ohun tí mo gbọ́ ni "Mọ́... mì...", bí ẹni tí ahọ́n rẹ̀ ti wú. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí ó ń bì.

"Àǹtí, kí ni ó jẹ?"

"Kò jẹ nǹkan kan! A ti wà nínú ààwẹ̀ láti ìjẹta. Gbogbo ẹgbẹ́ aláàdúrà wa, torí ọmọ rẹ."

"Omi ńkọ́?"

"Àìjẹ àìmu ni, ìyàwó. Nǹkan tó le bẹ́ẹ̀, ṣé ààwẹ̀ ọlọ́mi la ó fi dojú kọ ọ́?"

"Oògùn rẹ̀ ńkọ́?"

"Mi ò yẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Bó o ṣe wí, láàárọ̀ àti lálẹ́. Omi ṣíbí kan ni mo ń jẹ́ kó fi gbé e mì. Ọlọ́run kò ní ka ìyẹn sí i lọ́rùn."

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí dúró síbẹ̀ díẹ̀. Àǹtí kò ju oògùn nù. Wọn kò ní kí ọmọ má lò ó mọ́, bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe, èyí tí ì bá dá àìsàn náà padà. Wọ́n gbọ́ràn sí dókítà lẹ́nu, wọ́n sì gbọ́ràn sí ẹgbẹ́ aláàdúrà lẹ́nu. Nígbà tí omi kò sí nínú ara ọmọ láti máa gbé oògùn náà jáde, ṣe ló ń gbára jọ síbẹ̀, ìgbà gbogbo tí wọ́n bá sì fún un, ọ̀kan tún ń lé lórí ọ̀kan. Ènìyàn aláìbìkítà kò lè ṣe àṣìṣe yìí. Ẹni tó ń ṣe dáadáa ló lè ṣe é.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn báyìí."

"Ilé ìwòsàn kẹ̀? Ìgbà tí ìwòsàn ń wọlé bọ̀ yìí?"

Mo fi aṣọ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, mo ní kí onísíìpù bá mi wo ṣọ́ọ̀bù, mo sì sáré lọ wọkọ̀ Oǹdó. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń pè, kò sẹ́ni tó gbé e. Orin ni wọ́n ń kọ. Nígbà tí a dé Ọ̀wẹnà, ọkùnrin kan ní kí awakọ̀ dúró kí òun ra ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo pariwo mọ́ ọn.

Ọkùnrin náà ní, "Màmá, kí ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ fi ṣe yín?"

Awakọ̀ wo mí nínú dígí, kò sì dúró.

Nígbà tí mo wọlé Àǹtí, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ aláàdúrà náà pagbo yí ọmọ mi ká lórí ẹní. Ètè rẹ̀ ti là. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé, ojú rẹ̀ ń yí. Mo ní, "Ẹ bá mi gbé e." Ọ̀kan nínú wọn ní, "Mọ́mì, ẹ rọra o, ẹ má lé Ẹ̀mí lọ."

Mo ní, "Oògùn ló pọ̀ jù lára rẹ̀! Oògùn ni! Kì í ṣe ẹ̀mí!"

Àǹtí wo ojú mi. Orin dúró lẹ́nu wọn. N kò mọ ohun tí wọ́n rí, ṣùgbọ́n Àǹtí ni wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n gbá ọmọ náà lẹ́sẹ̀ mú. Obìnrin tí ó sọ̀rọ̀ ẹ̀mí yẹn náà ló wa ọkọ̀ tí ó gbé wa, ó ń fun fèrè láìdá ọwọ́ dúró, ètè tirẹ̀ náà gbẹ bí pákó. Nínú ọkọ̀, Àǹtí kò sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ. "Ṣùgbọ́n mo fún un lóògùn rẹ̀. Mo fún un lóògùn rẹ̀." Bí mo bá la ẹnu mi, mo mọ̀ pé ohun tí mo máa sọ kò ní ṣeé kó mọ́, nítorí náà orí ọmọ mi ni mo gbé lé itan.

Wọ́n fa omi sí i lára ní ilé ìwòsàn ní Oǹdó. Wọ́n ní a kò pẹ́ jù, ṣùgbọ́n a kò tètè dé náà. Wọ́n dá lítíọ́mù náà dúró ná. Nígbà tí ara rẹ̀ gbé e, wọ́n ní kí a gbé e padà wá bá dókítà rẹ̀ ní Àkúrẹ́. Àǹtí ní àwọn yóò bá wa lọ, kò sí ẹni tí ó lè dá wọn dúró. Bí wọ́n ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn nígbà tí dókítà ń wo ojú mi.

Bí a ti jáde, Àǹtí ní, "Ta ni ì bá mọ̀ pé omi lè di ọ̀ràn báyìí?"

"Èmi. Mo sọ fún yín."

"O ní omi púpọ̀. O ò ní bí kò bá mu ún yóò kú."

Ẹ wá bá mi wo irú ọ̀rọ̀ yìí.

Dókítà dá oògùn náà padà fún un díẹ̀díẹ̀, ó sì padà sílé-ìwé. Ni ìjọ wa ní Àkúrẹ́ bá kéde ààwẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń múra ìdánwò. Àìjẹ àìmu, láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí gbogbo wọn jọ máa gbàdúrà nínú ìjọ.

Ọmọ mi wá bá mi ní ilé ìdáná. "Mọ́mì, mo fẹ́ gbà á."

"Rárá."

"Gbogbo wọn ló ń gbà á."

"Gbogbo wọn kọ́ ló ń lo lítíọ́mù."

"Ìyẹn náà ni mò ń sọ. Bí mo bá ń mumi láàárín wọn, wọ́n á mọ̀."

"Wọ́n á mọ kí ni?"

"Pé èmi ni wèrè inú wọn."

A kì í sọ ọ̀rọ̀ yẹn nínú ilé wa. Mo ní kí ó dúró sílé nígbà náà. Ó ní bí òun bá dúró sílé, wọn yóò tún mọ̀. Òótọ́ ni. Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni pé yóò lọ, yóò sì ṣe bí àwọn yòókù, yóò máa rẹ́rìn-ín sí mi pé òun ti mumi.

Mo lọ bá pásítọ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kó gba ìdajì, Màmá. Kó ṣínu ní ọ̀sán."

"Omi ni mò ń wí, sà."

"Mo gbọ́. Kó kàn gba ìdajì láìmu omi."

"Sà, omi yẹn gan-an ni."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ìgbàgbọ́ yín ńkọ́, Màmá?"

Mo ní mo gbà gbọ́ pé Ọlọ́run ló dá òùngbẹ. Wọ́n ní àwọn yóò fi mí sínú àdúrà.

Mo pe Àǹtí, kì í ṣe nítorí ìrànlọ́wọ́, ṣe ni mo kàn fẹ́ ṣàròyé, ọkọ mi kò sì gbé fóònù. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n bi mí ọjọ́ ààwẹ̀ náà, wọ́n sì gbé fóònù sílẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ààwẹ̀, kí n tó palẹ̀ mọ́, Àǹtí ti wà lẹ́nu ọ̀nà wa láti Oǹdó, wọ́n gbé páálí omi oníke lé orí bí ẹni tó ń bọ̀ láti oko.

"Níbo ni ìjọ yín wà?"

"Àǹtí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá wọn jà."

"Ta ló fẹ́ jà?"

Wọ́n wọ inú ìjọ pẹ̀lú ọmọ mi, wọ́n jókòó sí àárín àwọn ọ̀dọ́, opó tí ó ti ní ọmọ-ọmọ. Kò pẹ́ tí àdúrà bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ṣí omi kan, wọ́n sì mu ún débi tí ọ̀fun wọn ń dún. Ọmọbìnrin kan tí ó ń to ìjókòó sáré wá.

"Grandma, a wà nínú ààwẹ̀ o."

"Mo mọ̀. Èmi ti gba tèmi ní Oǹdó, ó sì ti tó mi."

Wọ́n ṣí èkejì, wọ́n nà án sí ọmọ mi. "Gbà. Èmi ni mo ní kó o má mu nígbà yẹn, èmi náà ni mo ní kó o mu." Ọmọ mi wò yíká, ó fẹ́ wọlẹ̀. Àǹtí kò gbé ọwọ́ wọn kúrò. Wọ́n wá gbé ohùn tíṣà wọn sókè: "Ẹlòmíràn ha wà níbí tó ń lo oògùn tàbí tí dókítà ní kó máa mumi?"

Ibi tí mo dúró sí lẹ́yìn, mo ń wá ihò tí n ó wọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS gbé ọwọ́ sókè, díẹ̀ ni. Òun àti ọmọ mi jọ ń kọrin ohùn òkè. Àǹtí nawọ́ omi sí i. Ọmọ mi wò ó, ó ní, "Ìwọ náà?" Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì mu omi wọn.

Ìyá ọmọbìnrin yẹn wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi omi pamọ́ sínú báàgì mi bí olè. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo máa ń ní kó lọ mu ún." A dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi ń gbálẹ̀. Ní báyìí, ọmọ mi máa ń wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ọmọ tirẹ̀ a wà lọ́dọ̀ mi ní òmíràn. Ó mọ àsìkò oògùn ọmọ mi, mo mọ ti ọmọ tirẹ̀. Kò sí èyí tó ń fún èkejì ní ìmọ̀ràn. Mo máa ń sùn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tèmi.

Pásítọ̀ kò tíì sọ nǹkan kan. Àwọn kan nínú ìjọ ti sọ púpọ̀. Wọ́n ní èmi ni mo lọ gbé ìyá arúgbó wá láti ba ààwẹ̀ àwọn ọmọ jẹ́. Àǹtí fúnra wọn kò jẹ́ kí a sinmi. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, wọ́n ń pè: "Ó ti mumi?" Mo ti ṣàlàyé pé dókítà ní kí ó máa mu ún déédéé, kò ní kí ó mu ún ní àmujù. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n tún pè. Ọmọ mi ní, "Mọ́mì, ẹ bá mi bẹ Àǹtí, inú mi ti fẹ́ di kànga." Ó máa ń gbé fóònù náà fún mi, á ní kí n dáhùn.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ ẹ̀yin tó ń ka èyí kò pọ̀. Kí ẹ tó fi ọmọ ọlọ́mọ sínú ààwẹ̀, ẹ bi òbí rẹ̀ bóyá ó ń lo oògùn, kí ẹ sì jẹ́ kí dókítà rẹ̀ sọ bóyá ó lè gbà á. Ẹ má ní kí ó dá oògùn dúró. Ẹ má ní kí ó má mumi. Bí ẹ bá fẹ́ gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀, ẹ gbà á fúnra yín, a óò dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá sì rí i tí ó ń mumi nínú ìjọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yíjú wò ó.